Òǹkà Tí Morónkẹ́ Kò Wọ̀n

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, Morónkẹ́ kọ́kọ́ rò pé òun ló ṣe àṣìṣe. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tó ti ń ṣe àyẹ̀wò oògùn, ẹni tó bá sì pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà a máa fura sí ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó tó fura sí oògùn. Ó da ohun tó wà nínú ìgò kékeré nù, ó wọn ìyẹ̀fun mìíràn, ó pò ó, ó sì tún gbé e fún ẹ̀rọ. Ìlà tó jáde lójú kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ṣóńṣó méjì ló dúró níbẹ̀, wọ́n ga bákan náà, wọ́n sì sanra bákan náà. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. Méjì náà ni.

Ọ̀kan ṣoṣo ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ilé iṣẹ́ oògùn tí ó ti ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn ìlú Ṣàgámù, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkẹ́nnẹ́, nínú ọgbà kan tó jẹ́ pé obì ni wọ́n ń kó pamọ́ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àlùhájì Hussain ló ni ín, ọmọ agbo ilé kan ní àdúgbò Ọfin tí wọ́n ti ń kó obì lọ sókè Ọya láti ayé baba ńlá wọn. Nígbà tí ó rí i pé àwọn ọmọ òun kò ní ṣòwò obì, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ hóró oògùn, ó gba àwọn tó jáde ní yunifásítì síṣẹ́, ó sì ń pàṣẹ fún wọn bí ẹni ń pàṣẹ fún alábàárù. Oògùn aràn ọmọdé ni ọjà wọn tó tà jù, hóró kékeré funfun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ lẹfamisóólù. Agbára káká ni èèyàn fi lè rí ilé tó lọ́mọ láti Òde Rẹ́mọ títí dé Ìpẹ̀rú tí hóró náà kò wọ rí.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Morónkẹ́. Olùkọ́ àgbà ni bàbá rẹ̀, oníwàásù ni nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ọkùnrin tó jẹ́ pé bí ọmọ bá kọ èsì ìṣirò láìkọ bí ó ṣe rí i, yóò fagi lé e, ìbáà tọ̀nà. Morónkẹ́ ti di ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì báyìí. Yàrá méjì ló gbà ní Ìlíṣàn, níbi tí òun àti Dámisọ́lá, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó wà ní yunifásítì, ń gbé. Iṣẹ́ yìí nìkan ni àwọn méjèèjì gbójú lé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń lọ ẹ̀wù funfun tó ń wọ̀ ṣiṣẹ́. Kì í bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jẹun ọ̀sán, kì í sì í bá wọn sọ̀rọ̀ ọ̀gá lẹ́yìn. Bí ẹnì kan bá kọ 99 níbi tó yẹ kó ti kọ 99.0, Morónkẹ́ yóò dá ìwé náà padà fún un. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Ìyá Désímà, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò fi ìfẹ́ pè é rí.

Ohun tí ṣóńṣó méjì náà ń sọ kò ṣòro láti lóye. Bí ènìyàn bá gbé ọwọ́ ọ̀tún síwájú dígí, ọwọ́ òsì ni yóò rí nínú rẹ̀. Ìka márùn-ún ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, wọ́n sì wúwo bákan náà, síbẹ̀ ìbọ̀wọ́ tí a rán fún ọ̀kan kò lè bá èkejì mu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ mólékù oògùn rí: ọ̀kan wà, àwòrán rẹ̀ inú dígí náà sì wà. Lẹfamisóólù jẹ́ ọwọ́ òsì nìkan. Òun ló ń mú kí aràn rọ pẹ̀rẹ̀ nínú ìfun. Ọwọ́ ọ̀tún kì í ṣe aràn ní nǹkan tó láárí, ṣùgbọ́n ara ọmọ tó gbé e mì ni yóò ru ẹrù rẹ̀. Ìyẹ̀fun kan sì wà lọ́jà tó jẹ́ àdàpọ̀ àwọn méjèèjì, ìdajì òsì, ìdajì ọ̀tún, tí kò wọ́n tó ojúlówó. Bí wọ́n bá gbé àdàpọ̀ yìí fún ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ náà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rọ náà yóò ka òsì, yóò ka ọ̀tún, yóò sì sọ pé gbogbo rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún. Kò mọ ọwọ́ kan yàtọ̀ sí èkejì.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà mọ̀ ọ́n. Èkíní ni kọ́lọ́mù tuntun tí wọ́n rà lóṣù tó kọjá, nítorí pé àwọn tó fẹ́ ra hóró náà fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ sọ pé dandan ni. Ọ̀pá irin oníhò kan ni tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ, tó gùn bí rúlà akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fi ohun kan tẹ́ inú rẹ̀ tó ń di ọwọ́ kan mú pẹ́ ju èkejì lọ, tí àwọn méjèèjì kì í fi í jáde pọ̀. Morónkẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó lò ó. Ọ̀nà kejì ti wà tipẹ́: polarímítà ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ rẹ̀. Wọ́n á po oògùn mọ́ omi nínú tùbù onígíláàsì, wọ́n á sì tan ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Ọwọ́ òsì á yí ìmọ́lẹ̀ náà sí apá òsì. Àdàpọ̀ kò ní yí i rárá, nítorí ohun tí ọ̀kan bá yí ni èkejì á yí padà.

Ibi ọ̀nà kejì yìí ni ẹ̀gún wà. Iná polarímítà náà ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Morónkẹ́ kọ̀wé béèrè òmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó ṣe sùúrù. Ṣùgbọ́n àlàfo kan wà nínú rẹ́jísítà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ òǹkà náà sí, oògùn kò sì lè jáde bí àlàfo náà bá ṣófo. Nígbà àkọ́kọ́, Morónkẹ́ wo ìwé ẹ̀rí tí àwọn tó ta ìyẹ̀fun fi ránṣẹ́, ó rí −125 níbẹ̀, ó sì dà á kọ. Nígbà kejì, kò wúwo lọ́kàn rẹ̀ tó ti àkọ́kọ́. Láti ìgbà náà, bááṣì mọ́kànlá, ìyẹn ìyẹ̀fun tó wọlé nígbà mọ́kànlá, ti gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Kò tilẹ̀ dà á kọ bí ó ṣe rí mọ́. Á kọ −124.6 lónìí, á kọ −125.3 lọ́jọ́ mìíràn, kí ó má bàa jọ ohun tí a dà kọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bááṣì kejìlá ló wà níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé yẹn. Ó ti kọ −125.1 sí àlàfo ti tirẹ̀ náà lọ́jọ́ Ẹtì, ó sì ti fọwọ́ sí i, kí ó tó rántí pé kọ́lọ́mù tuntun wà nílẹ̀ tí òun ní láti lò.

Ó tẹ ìwé jáde, ó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Olúdọ̀tun, ọ̀gá tó ń ṣe àkóso àyẹ̀wò. Ọkùnrin náà kò ní kó jókòó.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo èyí. Ìyẹ̀fun tuntun yìí kì í ṣe lẹfamisóólù. Àdàpọ̀ ni.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Kọ́lọ́mù ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.”

“Kọ́lọ́mù tí a rà lánàá òde yìí ló fẹ́ kọ́ wa níṣẹ́.” Olúdọ̀tun ti ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láìwò ó. “Ìyá Désímà, gbọ́. Ọjọ́ Ẹtì ni ọkọ̀ máa wá kó hóró yẹn. Àlùhájì ti fún àwọn èèyàn lọ́rọ̀ ẹnu ẹ̀. O fẹ́ kí n lọ bá a pé ṣóńṣó méjì lójú kọ̀ǹpútà ló ní kó máà jáde?”

“Ìdajì agbára ni ọmọ tó bá lò ó máa rí gbà, Ọ̀gá. Aràn ò ní kú. Ìdajì tó kù sì ń dààmú ara ọmọ lásán.”

“Ọmọ ta ni? Ọmọ tìẹ ti kúrò ní ẹni tó ń lo oògùn aràn.” Ó fa rẹ́jísítà sọ́dọ̀, ó ṣí i, ó sì fi ìka gún ojú ibì kan. “Kí lo kọ síbí? Ìmọ́lẹ̀ yí sí òsì, ó yí dáadáa. Ọwọ́ ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Olúdọ̀tun mọ̀ pé iná polarímítà ti kú. Òun ló ń dá lẹ́tà ìbéèrè rẹ̀ padà. Ó mọ ibi tí òǹkà náà ti wá, ó sì mọ̀ pé obìnrin náà mọ̀ pé òun mọ̀. Ohun tó wà nínú ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

“Lọ fọwọ́ sí ìwé pé kó jáde,” ó wí. “Bí o ò bá fẹ́, kọ lẹ́tà pé o fiṣẹ́ sílẹ̀, kí Fadékẹ́ fọwọ́ sí ìwé oògùn.”

“Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà.”

“Wàá fọwọ́ sí i.”

Kí ó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo láàbù ti gbọ́. Fadékẹ́, tí òun náà ń ṣe àyẹ̀wò, ni ó ṣáájú nínú ẹ̀sín. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ahọ́n rẹ̀ sì mú. Morónkẹ́ ti dá ìwé rẹ̀ padà fún un láìmọye ìgbà, lójú gbogbo ènìyàn, kò sì gbàgbé ọ̀kan nínú wọn.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́,” ó wí sókè kí gbogbo yàrá lè gbọ́, “ṣé ọwọ́ òsì ni kí n fi gba ìgò yìí àbí ọ̀tún? Kí ẹ má tún lọ dá mi padà o.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Fadékẹ́, ìgbọ̀nwọ́ ẹ wà lórí tábìlì òṣùwọ̀n,” Morónkẹ́ dá a lóhùn láìgbójú sókè. “Ohun tí ò ń wọ̀n ń gbọ̀n.”

“Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rin èèyàn ló ń jẹun nínú ọgbà yìí, ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jẹ́ mímọ́.”

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí wọ Morónkẹ́ lára ju bí ọmọbìnrin náà ṣe rò lọ. Ní Ọjọ́rú, ó kọ lẹ́tà ojú ewé kan sí Àlùhájì Hussain fúnra rẹ̀, ó sì fi í lé awakọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú géètì. Kò sí òṣìṣẹ́ kankan tó fo ọ̀gá rẹ̀ dá bẹ́ẹ̀ rí nínú ọgbà yẹn. Nígbà tí ó padà wọlé, ó bá Fadékẹ́ àti Olúdọ̀tun nídìí ẹ̀rọ, wọ́n sì dákẹ́ nígbà tí wọ́n rí i.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Àlùhájì dé. Ẹni àádọ́rin ọdún ni, ó ga, kò sì sanra. Ó dúró láàárín yàrá àyẹ̀wò láìfọwọ́ kan ohunkóhun. Morónkẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

“Ìwọ lo kọ lẹ́tà sí mi?”

“Èmi ni, sà.”

“O ní ayédèrú ni ìyẹ̀fun mi.”

“Mo ní ohun tí wọ́n kó fún yín kọ́ ni ohun tí ẹ béèrè, sà.”

“Ẹnu ẹ mú o.” Ó fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀rọ. “Ṣe é lójú mi. Bí mo bá rí méjì, hóró ò ní jáde. Bí mo bá rí ẹyọ kan, ìwọ lò ń jáde.”

Morónkẹ́ wọn ìyẹ̀fun, ó pò ó, ó gbé e fún ẹ̀rọ. Ó gbà á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà náà ń rìn lọ gbọọrọ lójú kọ̀ǹpútà, ó gbéra, ó yọ ṣóńṣó kan, ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n dúró. Kò gbéra mọ́.

Olúdọ̀tun pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. “Àlùhájì, ẹ bá wa kà á. Ẹyọ mélòó ni?”

“Mo lójú,” bàbá náà dá a lóhùn. Ó kọjú sí Morónkẹ́. “Kó ẹrù ẹ.”

Morónkẹ́ wo ìlà náà, ó wo kọ́lọ́mù náà, ohun kan ṣoṣo ló sì wá sí i lọ́kàn, ohun tí ó yẹ kí òun ti kọ́kọ́ ṣe ká ní ojú kò kán òun.

“Àlùhájì, mo tọrọ ẹ̀ẹ̀kan sí i lọ́wọ́ yín. Kì í ṣe ìyẹ̀fun yìí. Àdàpọ̀ kan wà nínú fíríìjì yẹn tí gbogbo wa mọ̀ pé méjì ni. Òun ni a fi ń dán kọ́lọ́mù wò. Bí kọ́lọ́mù bá ń ríran, á rí méjì. Ẹ bi wọ́n bóyá irọ́ ni mo pa.”

Àlùhájì wo Olúdọ̀tun. Ọkùnrin náà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbé e mì. “Òótọ́ ni pé a ní in, sà.”

“Gbé e sí i.”

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mìíràn. Ṣóńṣó kan.

“Ó ti fọ́jú,” Morónkẹ́ wí. Ó fa ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ìtàn kọ́lọ́mù sí jáde, ó sì ka ìlà ìkẹyìn rẹ̀ sókè: “‘Ọjọ́rú. A fi asitóònì fọ̀ ọ́ fún wákàtí méjì.’”

Nínú yàrá yẹn, asitóònì ni wọ́n fi ń fọ ohun gbogbo, ìgò, tùbù, ṣíbí, títí kan ibi tí tàdáwà dà sí lára tábìlì. Kò sí ẹni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n tẹ́ sínú kọ́lọ́mù yìí kò lè kojú rẹ̀. Ńṣe ni ó ń yọ́ dànù. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí tí ó bá dé, pẹ̀lú lẹ́tà pupa.

“Lèsí?” Àlùhájì bú, èdè Rẹ́mọ ti já gba ẹnu rẹ̀. “Ta ló fọ̀ ọ́?”

Fadékẹ́ tọ́ka sí Olúdọ̀tun. “Ọ̀gá ló ní kí n fọ̀ ọ́, sà.”

“Mo ní kó fọ̀ ọ́,” Olúdọ̀tun wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Mi ò ní kó fi asitóònì fọ̀ ọ́. Ọmọ yìí ló ń fi í fọ gbogbo nǹkan.”

“Ọ̀gá! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé ìgò ẹ̀ fún mi?”

“Ta ló rí wa?”

Morónkẹ́ wo àwọn méjèèjì. Kò lè mọ ẹni tó ń purọ́, mímọ̀ ọ́n kò sì lè ṣe àǹfààní. Kọ́lọ́mù ti kú, òmíràn kò sì lè ti òkè òkun dé kí oṣù méjì tó pé. Olúdọ̀tun ti mọ èyí ṣáájú rẹ̀. Ó ti gbé rẹ́jísítà sórí tábìlì, ó ti ṣí i.

“Àlùhájì, ti kọ́lọ́mù dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ̀rí mìíràn wà. Polarímítà. Ìyẹn ló ń sọ bóyá ọwọ́ òsì ni. Ẹ wò ó, bááṣì yìí gan-an, lọ́jọ́ Ẹtì: ọwọ́ òsì pọ́ńbélé. Ọwọ́ Mọ̀dámù ló wà níbẹ̀ yìí. Ta wá ni ká gbà gbọ́ báyìí, Morónkẹ́ ti ọjọ́ Ẹtì tàbí Morónkẹ́ ti ọjọ́ Ajé?”

Morónkẹ́ rí ọ̀nà àbáyọ tí ọkùnrin náà ṣí sílẹ̀ fún un kedere. Bí ó bá gbà pé òun ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ Ajé, wọn yóò bú u, wọn yóò fi í rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ kò sì ní bọ́. Dámisọ́lá yóò parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Hóró náà yóò sì jáde.

“Irọ́ ni òǹkà yẹn, sà,” ó wí.

“Ta ló pa á?”

“Èmi ni. Iná polarímítà ti kú láti ọdún méjì. Inú ìwé ẹ̀rí àwọn tó ta ìyẹ̀fun ni mo ti ń dà á kọ.”

Fadékẹ́ yọ ohùn kan tó jọ ẹ̀rín, tó sì jọ igbe. “Ìyá Désímà!”

“Pa ẹnu ẹ dé,” Àlùhájì wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Morónkẹ́. “Bí o bá ń purọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, kí ló dé tí n ó fi gbà ọ́ gbọ́ lónìí?”

“Ẹ má gbà mí gbọ́, sà. Ẹ wò ó fúnra yín.”

Ó gbé polarímítà jáde láti abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, eruku sì bò ó. Iná rẹ̀ nìkan ló kú. Dígí rẹ̀ pé, àwo tí wọ́n ń yí sì ń yí. Ó fọ́ ìgò oògùn kan tó ní àwọ̀ oyin, ó mú àfọ́kù rẹ̀ kan tó tẹ́jú, ó fi í síwájú iná fóònù rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú kan sì gba inú ẹ̀rọ náà kọjá. Ó kọ́kọ́ rọ omi lásán sínú tùbù, ó yí àwo náà títí òkùnkùn fi bo ojú rẹ̀, ó sì fi ìyẹn ṣe òdo. Lẹ́yìn náà ó mú ìgò àpẹẹrẹ bááṣì kìíní, tí wọ́n ti fi pamọ́ láti ọdún méjì, ó pò ó kí ó ki ju bí ìwé ṣe wí lọ, kí ojú tí kò mọ iṣẹ́ náà lè rí i.

“Ẹ wo inú ẹ̀, sà. Ṣé òkùnkùn ni?”

Àlùhájì bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú kan ṣoṣo wò ó. “Ó mọ́lẹ̀.”

“Ẹ yí àwo yẹn sí òsì díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣú.”

Bàbá náà yí i. Ó yí i pẹ́. Nígbà tí ó dúró, àmì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti kúrò lórí òdo, ó ti sún mọ́ àádọ́ta.

“Ojúlówó nìyẹn. Ẹ wá wo tuntun.”

Ó dá àwo náà padà sí òdo, ó pààrọ̀ tùbù. Àlùhájì tẹ̀ ba lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì pẹ́ níbẹ̀.

“Ó ti ṣú tẹ́lẹ̀,” ó wí. “N kò tíì yí nǹkan kan.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Olúdọ̀tun ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohùn ìkẹ́dùn. “Mọ̀dámù, ìṣẹ́jú mélòó lèyí gbà yín?”

Morónkẹ́ wo aago. “Ogún.”

“Iná fóònù àti àfọ́kù ìgò. Ìṣẹ́jú ogún. Ọdún méjì lẹ fi ń kọ lẹ́tà pé ẹ ò ní iná.”

“Ẹ̀yin lẹ ń dá lẹ́tà náà padà.”

“Èmi ni. Ẹ̀yin lẹ wá ń kọ òǹkà.”

Òótọ́ ni, Morónkẹ́ sì mọ̀. Nínú gbogbo èébú ọ̀sẹ̀ yẹn, èyí nìkan ló wọ ọ́ dé egungun.

Àlùhájì nà dúró. Ó ní kí wọ́n ti yàrá tí hóró wà pa, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wá sọ́wọ́ òun. Ó wo Olúdọ̀tun. “Ìwọ, má tíì rẹ́rìn-ín. Mò ń bọ̀ lórí ìgò asitóònì yẹn.” Ó wo Morónkẹ́. “Òní ni ọjọ́ ìkẹyìn ẹ níbí. Ẹ̀ẹ̀mejìlá lo purọ́ fún mi, o fọwọ́ sí i. N kì í gbé pẹ̀lú irú èèyàn bẹ́ẹ̀.”

“Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wọn àwọn mẹ́wàá yòókù kí n tó lọ.”

“Kí lo tún fẹ́ fi wọ́n ṣe?”

“Mo fọwọ́ sí wọn láìwọ̀n wọ́n, sà. Ọ̀kan nìkan la ṣẹ̀ṣẹ̀ wò nínú mọ́kànlá tó ti jáde.”

Bàbá náà na ọ̀pá sí ọmọbìnrin náà. “Fadékẹ́, dúró tì í. Má jẹ̀ẹ́ kó mú ohunkóhun jáde.”

Àwọn méjèèjì nìkan ló kù. Fadékẹ́ ká ọwọ́ sáyà, ó jókòó lórí àga gíga, ó ń wo obìnrin náà bí ẹni ń ṣọ́ olè. Morónkẹ́ padà sídìí polarímítà. Omi, òdo, ìyẹ̀fun, òkùnkùn. Bááṣì kejì yí ìmọ́lẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìkẹta yí i. Ó ń ṣírò ohun tó bá rí, ó ń kọ òǹkà rẹ̀ gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ó ti kọ tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í jìnnà síra wọn. Ní ìkarùn-ún, Fadékẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó wá bá a di iná fóònù mú láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́.

“Gbogbo ẹ̀ ló dáa, Àǹtí,” ó wí ní ìkeje, pẹ̀lú ìkanra. “Irọ́ yín bọ́ sí i.”

Ìkẹjọ ṣú ní òdo.

Morónkẹ́ da tùbù nù, ó fọ̀ ọ́, ó po òmíràn. Ó ṣú ní òdo. Ó ní kí Fadékẹ́ wò ó. Ọmọbìnrin náà wò ó, ó ṣí rẹ́jísítà, ó fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lọ dé òpin, níbi tí wọ́n kọ ibi tí bááṣì kọ̀ọ̀kan lọ sí.

“Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló jáde,” ó wí. “Òde Rẹ́mọ. Ilé ìkẹ́rùsí ibẹ̀, àti àwọn abúlé tó yí i ká.”

Òǹkà tó wà nínú àlàfo náà ni −124.6.

“Àǹtí.” Fadékẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀. “Wọ́n ti lé yín ná. Ẹ dà á nù. Èmi ò ní sọ. Ẹ jẹ́ ká kọ pé mọ́kànlá pé, ká máa lọlé.”

“Sún kúrò lójú ìmọ́lẹ̀.”

“Ṣé ẹ fẹ́ lọ sẹ́wọ̀n ni?”

“Mo ní kó o sún.”

Morónkẹ́ fi rúlà fa ìlà kan ṣoṣo la −124.6 kọjá, bí òfin iṣẹ́ ṣe wí, kí ẹnikẹ́ni tó bá kà á lè rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kọ òdo sókè rẹ̀. Ó kọ ọjọ́, ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun kò wọ̀n ọ́n nígbà àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ó gbé rẹ́jísítà náà, ó sì jáde lọ bá Àlùhájì, tó ti ń wọ ọkọ̀ rẹ̀.

“Kí ló tún dé?”

“Ọ̀kan ti jáde, sà. Ìkẹjọ. Òde Rẹ́mọ ló wà.”

Bàbá náà ka ojú ewé náà lẹ́ẹ̀mejì. Iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. “Ṣé o mọ ohun tí èyí máa ṣe fún ilé iṣẹ́ yìí?”

“Mo mọ̀, sà.”

“Ohun tó máa ṣe fún ìwọ ńkọ́?”

“Ọwọ́ mi ló wà níbẹ̀, sà. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n má fún ọmọ kankan mọ́.”

“Kúrò níwájú mi!”

Ó fa ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n Morónkẹ́ ti dì í mú, kò sì jẹ́ kó padé. Wọ́n wo ara wọn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àgbà ọkùnrin àti obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kúrò níṣẹ́, láìsí ẹni tó fẹ́ràn ẹnì kejì.

“Mẹ́ta ló kù tí n kò tíì wọ̀n, sà,” obìnrin náà wí. “Ẹ máa pè wọ́n kí n tó parí.”

Ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀, ó padà sínú láàbù. Láti ojú fèrèsé, ó gbọ́ tí Àlùhájì ń pariwo sórí fóònù pé kí wọ́n kó hóró náà kúrò lórí àtẹ, kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀. Orúkọ Morónkẹ́ wà nínú ariwo náà, pẹ̀lú èébú tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Fadékẹ́ ń wò ó bóyá yóò sunkún. Ó rọ omi sínú tùbù, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkẹsàn-án.